Ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni mò ń gbé o, ẹ̀yìn òkè ni

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí, ẹni tó ní kí gbogbo ará oko ṣáà lọ ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì ojú ọ̀run wá yẹn, kí wọ́n yéé da ara wọn láàmú. Mi ò bá a jà o. Àmọ́ ó jọ pé Kútọnu ló jókòó sí tó ń sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ń gbé oko, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé iná dà?

Ibi tí mò ń gbé rèé: ọ̀nà Kàbùà, téèyàn bá ti jáde ní Ṣábẹ̀ níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, inú oko kajú bàbá àwọn ọmọ la kọ́lé sí. Gbogbo ẹni tó bá ti dé Ṣábẹ̀ rí ló mọ àwọn òkè olókùúta wa, tí àwọn àlejò máa ń dúró yà ní fọ́tò. Wọ́n rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dí rẹ́sò, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, bí ìgbà téèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú. Aládùúgbò mi tó wà lápá kejì òkè ń wo fídíò bó ṣe wù ú, èmi tí mi ò jìnnà sí i tó kìlómítà méjì, àfi kí n gun àpáta kí n tó gbọ́ "àlóò".

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tá a ta kajú tán, ọmọ mi àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì ìṣirò owó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tíṣà ń kọ́ wọn lórí fídíò lálaalẹ́, mẹ́gà, ìyẹn dátà, tó ń rà sórí fóònù ò sì tó nǹkan kan. Mo bá wọ ìgboro, mo lọ ra ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀kìsì 4G tí wọ́n ń ki síìmù sí, tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé yẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tan fídíò níbẹ̀, ó ń sáré bí ẹṣin, ó ní "Mama, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe máa ṣe nílé náà nìyẹn." Ọ̀pá rẹ́sò rèé ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, báwo ni ò ṣe ní sáré? Mo délé, ìlà kan ṣoṣo ló tàn, ìyẹn náà ń ṣẹ́jú. Mo gbé e padà, wọ́n ní tí mo bá ti tú páálí, àwọn ò gbà á mọ́.

Owó kajú mi o!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó yọ owó. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ta rẹ́sò fóònù fún wa ní Bẹ̀nẹ̀, MTN, Moov, àti Celtiis tó dé ní 2022. Ó ní kí n wá síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí mi ò bá ní kí n yá a lọ́wọ́ ará ilé, kí n ra mẹ́gà kékeré sí i, kí n máa fi wọ́n sínú fóònù kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n dúró gan-an síbi tí bọ́ọ̀kìsì máa wà, nínú pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, lórí tánkì omi, kí n wò ó bóyá 4G tó yá jù ló kọ lókè fóònù àbí 3G tó falẹ̀ jù ú lọ àbí E lásán tó ń wọ́ jù. Kí n sì ṣe é láàárọ̀, kí n tún un ṣe ní aago mẹ́jọ alẹ́, torí gbogbo wa la jọ ń pín ọ̀pá kan náà, tí àwọn èèyàn bá ti dé láti oko tí wọ́n wẹ̀ tí wọ́n wá wọ TikTok, ohun tó ń sáré láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín.

Bá a ṣe rí i nìyẹn pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni rẹ́sò rẹ̀ dé orí tánkì wa, kì í ṣe èyí tí mo ti sanwó fún. Bọ́ọ̀kìsì ti àkọ́kọ́ ò gba síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ti tì í pa, mo tà á fún ẹnì kan nígboro, ẹ má bi mí ní iye. Èyí tá a wá rà, a yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa pé ó ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà áńtẹ́nà sí, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. A so áńtẹ́nà mọ́ páìpù irin lórí tánkì, a kọjú rẹ̀ sí ọ̀pá, ọmọ mi ń yí i díẹ̀díẹ̀ lókè, èmi ń pariwo nísàlẹ̀ "ó kù díẹ̀, padà, padà!" Wáyà yẹn ò sì gbọdọ̀ gùn jù o, bó bá ṣe ń gùn ló ń jẹ rẹ́sò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Starlink. Ó wọ Bẹ̀nẹ̀ ní ìparí 2023, mo sì ti rí i níṣẹ́, ó dáa. Àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́ wà lókè ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà, ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ á lọ, á bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa já ara yín lẹ́nu bí orogún. Ti Starlink ò ju nǹkan bíi 550 kìlómítà lọ, ìyẹn ló ṣe yá. Òkè wa ò sì ní nǹkan fi í ṣe, ojú ọ̀run ló ń wò. Àmọ́ ojú ọ̀run yẹn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, èmi tó jẹ́ pé kajú àti mángòrò ló yí ilé mi po, èwo ni kí n gé níbẹ̀? Èyí tó ń bọ́ mi?

Ká tiẹ̀ ní mo gé e. Iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, sólà la ń lò. Àwo ńlá Starlink tó ń kọjú sí ọ̀run yẹn ń jẹ bíi 50 sí 100 wáàtì, irú tẹ́ ẹ bá rà ló máa sọ. Bátìrì mi jẹ́ 12 fóltì, 100 áńpì, ìyẹn 1,200 wáàtì fún wákàtí kan lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olómi yìí, tẹ́ ò bá fẹ́ kó tètè kú, ìdajì lẹ máa lò níbẹ̀, ó di 600. Ká ní àwo náà ń jẹ 60 wáàtì, ẹ fi 60 pín in, wákàtí mẹ́wàá péré ni, a ò tíì tan gílóòbù, a ò tíì ṣáájì fóònù kankan. Bọ́ọ̀kìsì 4G mi ò jẹ ju bíi 10 wáàtì lọ, bátìrì yẹn náà á gbé e ju ọjọ́ méjì lọ. Òótọ́ ni pé àwo kékeré wọn, Mini, kì í jẹun tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní sólà gidi àti ilẹ̀ gbalasa tí rẹ́sò kankan ò dé, kó lọ rà á, Ọlọ́run á gbé e lówó. Kí bùrọ̀dá wa ṣáà máa ṣírò bátìrì mọ́ owó rẹ̀ kó tó máa polówó fún wa.

Fíbà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Bí wọ́n bá tiẹ̀ ri í mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, bíi réluwé tó ń gba ẹ̀yìn oko kọjá ni, tí kò bá sí ibùdókọ̀ lọ́dọ̀ yín, ariwo rẹ̀ lẹ máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà náà ṣì wà. Fídíò wákàtí kan lè jẹ tó gígà kan, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́gà, wákàtí méjì lálaalẹ́, ó ti di 60 gígà lóṣù. Tí wọ́n bá kọ "illimité", pé kò lópin, gàdàgbà sára páálí, ẹ bi wọ́n pé lẹ́yìn gígà mélòó ló máa bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Ṣebí àwa náà la pariwo ní 2018 nígbà tí wọ́n ní ká máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tá a bá wọ Facebook àti WhatsApp, títí wọ́n fi fagi lé e lóṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún náà, kò wá yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa fi ọ̀rọ̀ mẹ́gà rẹ́ wa jẹ.

Ọmọ mi ń ṣe kọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tánkì omi ni mo dúró sí tí mo ti ń fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó pẹ́ kó tó dé, ẹ mọ̀ pé aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù níbí.

Èmi ni,
Ìyá Oníkajú,
Ọ̀nà Kàbùà, Ṣábẹ̀.