Ẹ Sọ Ohun Tí Ojú Yín Kà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọmọ ọmọ mi kan ló fa lẹ́tà yìí. Ó yà kí mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi lórí àga pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti jígí lójú, ó sì bi mí pé, “Bàbá àgbà, ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́?” Mo yí iwájú ìwé sí i. Kò tíì ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tán tó ti ní, “Èyí? Wọ́n ní kò dáa o.” Mo ní, “Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?” Ló bá yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó nà án sí mi. Ìràwọ̀ márùn-ún ló tò síbẹ̀, méjì àti ààbọ̀ péré ló láwọ̀. Mo ní, “Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o ti kà á?” Ó ní òun ò kà á. Òun ò sì ní kà á, nígbà tí wọ́n ti ní kò dáa.

Mi ò bá a jà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bá a jà, nígbà tí èmi náà ti ṣe é rí, tí tèmi sì burú ju tirẹ̀ lọ?

Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà. A tó bíi mẹ́jọ tá a máa ń pàdé láti sọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé ìtàn àròsọ kan wà tí gbogbo èèyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀ lásìkò yẹn, òun la sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi ò kọjá orí kejì. Ṣùgbọ́n mo ti ka ohun tí lámèyítọ́ kan kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ó mú bí abẹ. Mo há a sórí. Nígbà tó kàn mí, mo jókòó dáadáa, mo wú ikọ́, mo ní òǹkọ̀wé yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀dá ìtàn tó jẹ́ obìnrin, mo ní ìyá inú ìtàn náà dà bí igi tí wọ́n wọṣọ fún. Ọ̀rẹ́ wa kan wà níbẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó wò mí, ó ní, “Lẹ́tà tí ìyá náà kọ kó tó kú ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ò wọ̀ ọ́ lára?” Mo ní lẹ́tà yẹn gan-an ló bà á jẹ́ jù.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kò sí lẹ́tà kankan nínú ìwé náà. Ìyá yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá sàn. Wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn, wọ́n ń bá tiwọn lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń yẹ èékánná wò. Ọdún 47 ti kọjá. Tí mo bá fẹ́ ya ẹnu sọ̀rọ̀ ìwé tí mi ò kà, ọ̀fun mi ṣì máa ń gbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá bi yín pé kí lẹ̀ ń kà, báwo lẹ sì ṣe rí i, ojú yín ló ń bèèrè, kì í ṣe ojú ará àdúgbò. Bẹ́ ẹ bá ti kà á, ẹ wí. Bẹ́ ò bá kà á, “mi ò tíì kà á” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá ka odindi ìwé kan lọ́sẹ̀, tí kò fò ọ̀sẹ̀ kan, fún ọdún 50, ìwé 2,600 ló kà. Ìyẹn ò kún yàrá ìkàwé kékeré kan. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan láyé yìí tí ohun tí kò kà ò fi ìlọ́po ìlọ́po ju ohun tó kà lọ, nítorí náà kí ló wá ń jẹ́ ká máa díbọ́n?

Ohun tó ń mú wa díbọ́n, lójú tèmi, ni pé a fẹ́ wà níbi tọ́rọ̀ ti ń gbóná. Ìwé kan á gbòde, gbogbo ẹnu á máa dárúkọ rẹ̀, ẹni tí kò bá ní nǹkan sọ á dà bí ẹni tí wọn ò pè síbi ayẹyẹ. Ló bá yá èrò ẹlòmíràn wọ̀. Èrò àyálò yìí kì í sì í dúró lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún Herman Melville.

Lọ́dún 1851 ni ọmọ Amẹ́ríkà yìí gbé ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ kan jáde, ọkùnrin tí ẹja àbùùbùtán funfun gé lẹ́sẹ̀, tó wá ń lé ẹja náà káàkiri òkun láti gbẹ̀san. London ló ti kọ́kọ́ jáde, lóṣù kẹwàá. The Whale ni wọ́n pè é níbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló jáde ní New York pẹ̀lú orúkọ tí ayé wá mọ̀ ọ́n sí, Moby-Dick. Gbogbo àwọn inú ọkọ̀ yẹn ló bómi lọ lópin ìtàn, àfi ẹnì kan, ẹni tó ń sọ ìtàn náà fún wa. Abala kékeré kan tó gbẹ̀yìn ló ṣàlàyé bó ṣe yè. Abala yẹn gan-an ni kò sí nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London. Làwọn kan lára àwọn tó ń gbéwèé yẹ̀ wò níbẹ̀ bá figbe ta: irú òǹkọ̀wé wo lèyí, nígbà tí gbogbo wọn ti kú, ta ló wá kù tó ń ròyìn?

Mi ò dá wọn lẹ́bi jù, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kà. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ìwé ìròyìn Boston Post, ní Amẹ́ríkà níbi tí ìwé náà ti pé pérépéré. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ka nǹkan bí ìdajì ìwé náà, ó sì dá àwọn lójú pé òótọ́ ni ìwé ìròyìn Athenaeum ti London sọ nípa rẹ̀. Ìdajì! Ẹni tó wà ní Boston, tí ìwé odindi wà lórí tábìlì rẹ̀, ó tún lọ yá ojú ará London. Wọ́n tiẹ̀ jẹ́wọ́. Èmi ò jẹ́wọ́ ní tèmi. Melville lọ gbaṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté New York, ó ṣe é fún ọdún 19, ó sì kú lọ́dún 1891 láìrí ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé yẹn níyì. Lẹ́yìn 1920 ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣí i padà, tí wọ́n ń bi ara wọn pé àwọn wo ló ní kò dáa.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tọ̀tún tòsì ló kà á tán, ọ̀rọ̀ wọn ò sì bára mu. Ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London lọ́dún 1952. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilé wa, ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ò tọ́, wọ́n ní àwọn òyìnbó á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n jọ kà o. Thomas ò ní ìdí tí ojú á fi tì í, kì í ṣe òun ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá ráyè gbọ́ ìtàn. Àwọn ará ilé ò ráyè, etí wọn ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé ṣe kó máa rẹ́rìn-ín. Ọdún 1977 ni Chinua Achebe fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tú ìwé náà wò, tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti fàájì ló wà nídìí ìtàn yẹn látilẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá.

Èyí ni mo ṣe ń sọ pé, bẹ́nì kan bá ní ìwé kan báyìí báyìí, ẹ wo ìwé, ẹ sì wo onítọ̀hún. Kí ló gbé sáyà nígbà tó ń ṣí i? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já jù sílẹ̀ tó ka ìtàn ìfẹ́, ẹ má retí pé kó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù: “kò wù mí” kì í ṣe “kò dáa”. Ẹni tó ní ìwé kan kò wu òun, ara rẹ̀ ló ń ròyìn, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ẹni tó ní kò dáa, ẹjọ́ ló dá, ẹni tó dájọ́ sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Níbo ni kò ti dáa? Ojú ìwé wo? Ṣé ẹ̀dá ìtàn náà ló ṣe ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe, àbí ọ̀rọ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀, àbí òǹkọ̀wé ló ń wàásù nígbà tó yẹ kó máa sọ̀tàn? Mo mọ ìwé ńlá kan tó dáa, tí kò ní àbùkù tí mo lè tọ́ka sí, tó jẹ́ pé tí mo bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta, oorun dé. Mo sì ní òmíràn tí mo mọ̀ pé kò dáa. Ọ̀daràn inú rẹ̀ ò ṣe é gbà gbọ́, ìparí rẹ̀ ò nítumọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ọdọọdún ni mò ń kà á. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé mi lóṣù tó kọjá. Mo fa á yọ láti tún un kà. Ọmọ ọdún 30 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Níbi tí bàbá kan ti gba lẹ́tà ọmọ rẹ̀, tí kò fèsì, tó kàn ká a, tó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo rí i pé mo ti fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: IRỌ́ NI! KÒ SÍ BÀBÁ TÓ LÈ ṢE BẸ́Ẹ̀. Mo fà á wúyẹ́ débi pé pẹ́ńsù lu ìwé já díẹ̀. Mo wò ó títí. Láti ìgbà yẹn, èmi náà ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ibi tí mo fi í sí. Mi ò pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Mo kọ ọjọ́ tó jẹ́ lọ́jọ́ náà sábẹ́ rẹ̀, mo kọ pé: ó wà.

Ẹ máa kọ ọjọ́ sí èrò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kàwé lọ́mọ ogún ọdún kọ́ ni yóò kà á lọ́mọ ogójì.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ò gùn. Ìwé tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fetí gbọ́, ìwé kíkà ni lójú mi. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, tó ń fojú kàwé láìyọ ohùn, láìmi ahọ́n, ó sì ń wá ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti lé ní ọdún 1,600. Kíkà sókè ló ṣàjèjì sí wa, kò ṣàjèjì sí ìwé. Kẹ́ ẹ ṣáà sọ pé ẹ gbọ́ ọ ni, torí ohùn ẹni tó kà á ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ìwé tẹ́ ẹ bá pa tì láàárín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ dé. Àkópọ̀ tí ẹ̀rọ bá yín ṣe, àkópọ̀ lẹ kà, ìwé kọ́ lẹ kà. Ẹ má sọ òpin ìtàn fún ẹni tí ò bèèrè. Bí ìwé bá bí yín nínú, ẹ bá ìwé jà, ẹ fi ìyá ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ka iye ìwé, tí wọ́n ń ní “ọgọ́rùn-ún ni tèmi lọ́dún yìí”, ẹ kàn bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkẹrìndínlógún, kẹ́ ẹ sì rọra máa wò wọ́n lójú.

Ọmọ ọmọ mi pè mí lálẹ́ àná. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, “Bàbá àgbà, ọkùnrin yẹn ń bí mi nínú!” Mo ní ọkùnrin wo. Ó ní èyí tó ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ti wá ìwé náà sórí fóònù rẹ̀, ó ti dé orí kẹsàn-án, ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò rí oorun sùn. Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀ kíá. Orí keje lèmi wà, mi ò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa ta ilẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá àgbà yín