Bá Mi Dé Ọ̀dọ̀ Bàbá ní Kùmásì

Òkèlérìn, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, mo sì fẹ́ kó wà ní kíkọ, kí o lè kà á títí yóò fi yé ọ.

Ìyá mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Egungun itan wọn ló kán, lókè lọ́hùn-ún, nítòsí ìbàdí. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Bowen, èyí tí àwọn àgbà ibí ṣì ń pè ní ọsibítù Bápítíìsì. Àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé tí àgbàlagbà bá pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú irú nǹkan báyìí, egbò lè dá sí i lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, òtútù àyà lè kì í mọ́lẹ̀. Wọn ò fẹ́ kó falẹ̀ rárá. Ìyá ni kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Wọn ò sọ pé àwọn ò ní ṣe é o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá gbàdúrà fún mi ná."

Pásítọ̀ wa níbí ti wá, wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn obìnrin W.M.U., ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Bápítíìsì, náà wá kọrin, Ìyá sì ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n Bàbá tó wà lọ́dọ̀ yín ní Kùmásì ni wọ́n ń wí.

Mi ò rò pé mo sọ ìtàn yìí fún ọ tán rí. Tàmálè ni wọ́n bí Ìyá sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá wọn bá òwò lọ sí Gánà. Bàbá ti Kùmásì yìí ló kọ́ Ìyá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà náà. Wọn kò tíì di pásítọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà ni wọ́n. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá Ìyá kó ìyàwó, ó kó ọmọ, ó fi ọjà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ní nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n wọ̀ bọ̀, àwọn ọmọdé ń ké, àwọn àgbà ò mọ ohun tí wọn yóò bá nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wá dìde, ó ka Sáàmù 121, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ lórúkọ nínú àdúrà, ọmọ ọwọ́ pàápàá, kò fo ẹnì kankan. Gbogbo wọn ló dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàyè.

Nígbà tó yá, Bàbá wọ Sẹ́mínárì wa níbí, wọ́n di pásítọ̀, wọ́n sì padà sí Gánà. Láti ìgbà náà, kò sí ohun ńlá tí Ìyá dáwọ́ lé tí wọn ò kọ lẹ́tà sí wọn. Ìgbéyàwó wọn, ìbí wa, ikú bàbá mi, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá mọ̀ sí. Ìyẹn ni mi ò fi lè bá Ìyá jiyàn. Ẹni tó pe orúkọ wọn lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bà wọ́n jù láyé ni wọ́n ń wá.

Mo ti pe ọmọ Bàbá obìnrin, ẹni tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Asafo. Bàbá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í yé wọn. Àfi kí ènìyàn jókòó tì wọ́n. Láti Bantama níbẹ̀ yẹn, o ò ní pẹ́ débẹ̀. Lọ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Ra búrẹ́dì àti ọsàn dání, màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Sún mọ́ wọn, kí o sì sọ Yorùbá. Tí o bá ti dárúkọ ìyá mi, Débórà, ọmọ Ìyá Aláṣọ ní Tàmálè, wọn á mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló ti ń fún mi ní nọ́ńbà wòlíì tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀kan sọ iye owó kí ó tó béèrè orúkọ Ìyá. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Irú wọn ń fi ìdààmú aláìsàn jẹun, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ohun kan ṣì wà, Àbẹ̀ní, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Mo fẹ́ kí Ìyá gba iṣẹ́ abẹ yìí. Mò ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, jọ̀wọ́, má fi ọ̀rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu. Sọ ohun tí dókítà wí fún wọn, má yọ ọ́, má fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà bí Ẹ̀mí bá ti darí wọn. Bí wọ́n bá ní kí Ìyá fọwọ́ sí i, ó dára. Bí wọn ò bá sọ ọ́, kí àdúrà náà ṣáà jẹ́ tiwọn. Ìyá mọ ohùn wọn, wọn á sì mọ̀ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ tèmi.

Gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ òru. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni mò ń sùn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Mojí