Sí Àbẹ̀kẹ́, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó wú ńkọ́? Nígbà tí o sọ fún mi lórí fóònù pé o fẹ́ bí ọmọ yìí láìgba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, láìlo oògùn ìrora kankan, mi ò lè fèsì, torí ẹkún gbọ̀n mí. Mo wá jókòó kọ èyí, kí o lè máa kà á lákàtúnkà.

Wo ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò: ìkúnlẹ̀. A kì í sọ pé ìdùbúlẹ̀ abiyamọ. Nígbà tí mo ń rọbí rẹ, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì kan sì ń jágbe mọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ dìde. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni pé wọ́n ń fi àáké là á. Ìgbà tí onítọ̀hún lọ sílé ni nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé, tó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mo tẹ́ ìró àdìrẹ mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lé e, mo gbé àyà lé bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi ń fi ìkúùkù tẹ egungun ìdí mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro òun náà. Ìrora ò lọ o, ṣùgbọ́n ó di ohun tí mo lè gbé. Kò pẹ́ tí o fi dé.

Bí o bá wà lóòró, ìwúwo ọmọ á máa fà á wálẹ̀. Bí o bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé ọmọ á máa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ nísinsìnyí: ṣé wọ́n á jẹ́ kí o rìn, kí o kúnlẹ̀, ṣé wọ́n á sì jẹ́ kí èmi tàbí ọkọ rẹ wọlé tì ọ́? Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018 fara mọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí náà má bẹ̀rù láti béèrè.

Ìrọbí kì í dúró gbári, a máa wá, a máa lọ. Ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, lẹ́yìn náà wàá sinmi. Bó bá ti ń bọ̀, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ oríkì mi, èmi á máa fẹ́ èémí jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Kó tó ki oríkì náà délẹ̀, ìrora ti ń rọlẹ̀. Ẹ máa fi ṣeré lálẹ́: di yìnyín mú fún ìṣẹ́jú kan, máa fẹ́ èémí jáde, kí ọkọ rẹ máa kì ọ́. Mo máa kọ oríkì rẹ ránṣẹ́ sí i kó lè há a sórí.

Àkọ́bí kì í yára. Láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí dé sẹ̀ntímítà 5 títí tí á fi pé 10, ó lè gba wákàtí 12, ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ò sì ní òṣùwọ̀n. Máa mu omi, máa mu ẹ̀kọ, máa tọ̀ lóòrèkóòrè, torí àpòòtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí orí ọmọ sọ̀kalẹ̀ dáadáa.

Wọ́n á gbé àgbo wá fún ọ pé kí ìrọbí lè yá. Má mu ún. Òmíràn lè mú ilé ọmọ súnkì láìsinmi, kí atẹ́gùn wọ́n ọmọ, kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ya. Omi odò Ọ̀ṣun náà ńkọ́? Ọmọ Òṣogbo ni mí, gbogbo oṣù kẹjọ ni mò ń rí àwọn tó ń tọrọ ọmọ létí odò. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa wúrà lókè odò, omi náà ti pọ́n bíi tíì. Má mu ún.

Oògùn ìrora lo kọ̀ o, o ò kọ dókítà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí itan bí ọmọ bá ti jáde, ẹ̀jẹ̀ ló ń dá dúró. Gbà á. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú ń ṣú, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, bí omira bá jáde ní àwọ̀ ewé, tàbí tí ọmọ ò bá mira mọ́, ẹ má dúró kó ẹrù, ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn. Bó bá sì di pé o tọrọ oògùn láàárín ọ̀nà, tàbí tí wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún náà ti kúnlẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn sí ọ létí.

Má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí o tó wọkọ̀ láti Èkó. A ó jọ máa rìn lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìró àdìrẹ yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a.

Ìyá rẹ