Ẹ má fi imú ọmọ ajá nu ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ ajá ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ewé yín. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò dé Ọ̀mùò, ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra ọmọ ajá nítorí ààbò. Kí oṣù tó yí, wọ́n á ti fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi lẹ́yìnkùlé, tàbí kí wọ́n gbé e ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, wọ́n á ní ó dọ̀tí jù, gbogbo pálọ̀ ló ń tọ̀ sí. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kì í mọ ilé ṣọ́. Gbogbo ohun tó bá mì ni yóò máa gbó mọ́, títí tí kò fi ní sí ẹni tó ń jáde wò ó mọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì fi kọ́ ọ gan-an ló bà á jẹ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá ìgbẹ́ lẹ́yìn àga, wọ́n fa ajá létí wá, wọ́n ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n nà án ní pàṣán méjì, wọ́n jù ú síta. Ohun tí ajá ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i ló máa ń so nǹkan náà mọ́. Tó bá ti ṣu láti ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn, tó wá ń ju ìrù bọ̀ wá pàdé yín kí ẹ tó nà án, wíwá pàdé yín ló gbà pé ẹ nà án fún. Ìrù tó ki bọ àárín itan, ojú tó ń gbé sá, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé "ó kúkú mọ ohun tó ṣe," ìbẹ̀rù ojú tí ẹ fà ro ni.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ kì í tètè fara hàn. Ọmọ ajá tí wọ́n ń nà nítorí ìtọ̀ á gbà pé kò yẹ kí ènìyàn wà nítòsí nígbà tí òun bá ń tọ̀. Ẹ ó mú un jáde, ẹ ó dúró tì í, kò ní tọ̀. Á gbóòórùn koríko, á gbójú sókè wò yín, á jókòó. Bí ẹ bá ti jọ wọlé padà, tí ẹ yíjú báyìí, ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á ní agídí ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ara rẹ̀ ná. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 kò lè mú ìtọ̀ dání ju nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 lọ lójú ọ̀sán. Ìṣirò tí àwa tó ń tọ́jú ajá ń lò ni pé kí ẹ ka iye oṣù tó ti lò láyé, kí ẹ fi 1 kún un. Kò lè fara da wákàtí tó ju iye yẹn lọ, àwọn mìíràn ò sì ní lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù 3, wákàtí 4. Àárín oṣù 4 sí 6 ni púpọ̀ nínú wọn tó ń ní ìjánu gidi. Òwe tí wọ́n ń pa mọ́ ọn, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, kò bá a mu rárá. Ajá gbọ́, àpò ìtọ̀ rẹ̀ ni kò tíì gbó.

Àsìkò ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ gbé e jáde bó bá ṣe ń lajú láti ojú oorun, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá ṣeré tán, kí ó tó sùn, àti ní wákàtí méjì méjì bí kò bá tiẹ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn. Lóru, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ní kí ẹ gbé e, n kò ní kí ẹ pè é: tó bá fẹsẹ̀ rìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa tọ̀ sí kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Láàárín méjì, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ó ń ṣeré, ó dá eré dúró lójijì, ó ń fi imú wá ilẹ̀, ó ń yí po lójú kan. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yí po, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù fún yín.

Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ dúró sójú kan. Ẹ má bá a ṣeré. Ẹ kàn máa ṣe "ṣíì" tí àwọn ìyá ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ tó fẹ́ tọ̀, kí gbogbo ará ilé sì máa lo ìró kan náà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ jẹ́ kó parí kí ẹ tó yìn ín, nítorí bí ẹ bá pariwo ìyìn nígbà tó ń tọ̀ lọ́wọ́, á gé e sáàárín, á sáré wá bá yín, ìyókù á sì di ti inú ilé. Bó bá ti parí, níbẹ̀ náà, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀, tí kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Ẹja tí ẹ bá wọlé tán kí ẹ tó fún un, wíwọlé lẹ san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀ níta. Ajá tí wọ́n ń gbé wọlé ní kété tó bá ti tọ̀ tán kì í pẹ́ tó fi ń mọ̀ pé títọ̀ ló ń fòpin sí ìgbádùn òun, á wá máa mú un dání. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ gbé e padà, ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ yín fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún jáde.

Ohun tó bá wọlé lásìkò ló ń jáde lásìkò. Ẹ má gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ fún un látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ọmọ ajá oṣù 2 sí 3 ń jẹun, kí ẹ sì gbé ìyókù kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Omi ò ṣe é fi dù ú, pàápàá nínú ooru ọ̀gbẹlẹ̀. Wákàtí kan kí ó tó sùn nìkan ni kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fún un ní mílíìkì màlúù, ọ̀pọ̀ wọn ló ń tìtorí rẹ̀ ṣunú, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó ń ran ajá tó ń ṣunú. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan pò ó mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí n óò ti pẹ́ díẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ilé ìgbàlódé wa ti ń fi ajá sínú ìdààmú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọmọ ajá fi ń mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 ló ti máa ń kúrò níbi tó ń sùn láti lọ tọ̀, nígbà tó bá sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 9, irú ilẹ̀ tó ń tọ̀ sí ti ń mọ́ ọn lára. Tó bá jẹ́ koríko, koríko ni yóò máa wá. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ wá wo ọgbà àwọn ilé tuntun ní Adó, tí kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka họ yẹ̀pẹ̀. À ń gbé ọmọ ajá láti orí sìmẹ́ǹtì lọ sórí sìmẹ́ǹtì, a sì ń retí pé kó mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ ìta.

Ẹ forí jì mí, Olóòtú, ìwé ìròyìn náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ́ ti àná sílẹ̀ fún ọmọ ajá. Ó ń tọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ bébà ló kọ́. Lọ́jọ́ tí bàbá bá gbé ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga láti lọ fọwọ́ jẹun, ajá ò ní wo déètì.

Ilé tí kò bá ní koríko lè ṣe àpótí yẹ̀pẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà kan pákó pọ̀ ní mítà 1 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, kí ògiri rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ṣùgbọ́n kí apá kan rẹlẹ̀ tó 7 kí ọmọ ajá lè gbẹ́sẹ̀ wọ̀ ọ́. Kí ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jò. Ẹ da iyanrìn sí i tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ wá hú koríko tòun ti gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tò sórí rẹ̀. Abẹ́ òrùlé tí òjò kò ti lè fẹ́ bá a ni kí ẹ gbé e sí, jìnnà sí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi àkísà tí ẹ fi nu ìtọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, òórùn ni yóò mú un padà. Ẹ máa kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí koríko náà jẹrà kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, torí ajá náà kì í fẹ́ ibi tó bá ti dọ̀tí jù. Àwọn ayálégbé tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gbé e sí bákónì. Ó tún wúlò fún ìgbà òjò: púpọ̀ ọmọ ajá kì í fẹ́ tẹ koríko tútù, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á sì padà wá tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì.

Nígbà tí ojú yín kò bá sí lára rẹ̀, ẹ ní ibi kékeré kan tí ẹ óò fi í sí. Agbọ̀n adìyẹ ńlá tàbí páálí tẹlifíṣọ̀n tó bá lágbára ti tó. Kí ó lè dìde, kí ó yí padà, kí ó nà gbalaja, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àyè bá ṣẹ́kù, igun kan ló máa fi ṣe ṣáláńgá, á sì sùn sí ìkejì. Àwọn tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníṣòwò tó kó wọn sínú àgò pẹ̀lú ìgbẹ́ wọn máa ń pẹ́ jù láti kọ́, nítorí wọ́n ti sọ ìkórìíra ẹ̀gbin nù. Irú wọn, ẹ máa pààrọ̀ ìtẹ́ wọn léraléra, kí ẹ sì dín wákàtí ìfisínú kù.

Ìtọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà fà á, ẹ má fi nu ilẹ̀ káàkiri. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ wá da fínígà àti omi, ìdajì sí ìdajì, síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Lórí tẹráàsò, ọṣẹ nìkan ni kí ẹ lò o, fínígà máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má da bílíìṣì sórí ìtọ̀ tútù, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde kò dára fún ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Apakòkòrò olóòórùn líle tí à ń dà sí ṣáláńgá kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ tí ọmọ ajá ń lá: ó lè jó o lẹ́nu, kò sì ní pa òórùn ìtọ̀ náà fún imú ajá, tiyín ló máa tàn jẹ.

Ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbá sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹyin aràn tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ kó tó lè ran ọmọdé tó ń fi ọwọ́ ṣeré níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń kó o lójoojúmọ́ ti ṣẹ́gun. Òògùn aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2, á máa lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí di oṣù 6. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ẹ má mú un lọ tọ̀ níbi tí ajá àdúgbò ń gbà kọjá. Àrùn parvo, tó ń mú wọn ṣu ẹ̀jẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dìgbòlugi, bó bá pé oṣù 3 ni kí ó gbà á.

Ọmọ ajá tó ń tọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bó bá rí àlejò, tàbí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣe àìgbọràn. Ẹ má bá a wí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lójijì, yóò fi í sílẹ̀ bó bá ń dàgbà. Ṣùgbọ́n tó bá ń tọ̀ kínkín ní ìgbà púpọ̀ láàárín wákàtí kan, tó ń ké nígbà tó ń tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùtọ́jú ajá kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.