Ẹ̀sùn lórí ìlànà tí ẹ kọ sára páálí clay yín

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ra clay yín, ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí a fi ń yọ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ọkọ̀, lọ́dọ̀ aṣojú yín n'Íbàdàn fún Camry dúdú mi. Ìtòsí àwọn ajórin ni mo máa ń gbé ọkọ̀ náà sí, eruku irin tó ń fò lára máṣíìnì wọn sì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà débi pé bí mo bá fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán, ṣe ló ń ha mí lọ́wọ́ bíi sánpépà. Iṣẹ́ clay gan-an nìyẹn.

Ohun tí ẹ kọ sára páálí kò ju pé kí á fi omi rin ọ̀dà, kí á sì máa fi clay pa á. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Clay bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń lẹ̀, nígbà tí mo sì nu ojú ibẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ ti kún un. Ara ọkọ̀ dúdú kì í bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbàrà tí oòrùn bá tàn sí i, gbogbo ayé ti rí i.

Mo pe nọ́ńbà yín. Ẹni tó gbé e ní kí n lọ po ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ mọ́ omi náà. Èyí ló dùn mí jù. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe láti gé ọ̀rá ni. Yóò bó wáàsì ara ọkọ̀ dànù, títí kan ibi tí clay kò tíì dé. Ṣé ẹni tó ń gba ìpè yín kò mọ ọjà tí ẹ ń tà ni?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun líle wẹ́wẹ́ wà nínú clay. Òun ló ń gé ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kúrò. Ohun tó ń yọ̀ láàárín clay àti ọ̀dà ni kì í jẹ́ kó gé ọ̀dà pẹ̀lú. Omi lásán kò yọ̀ tó, kíá ló sì ń gbẹ lórí irin tó gbóná. Bí owó bá wà, kí èèyàn ra omi fífín tí wọ́n ṣe fún clay. Bí kò bá sí, kí ó po ọṣẹ ìfọkọ̀ tí kò ní wáàsì mọ́ omi tó mọ́, kó sì ki ju ti ìfọkọ̀ lásán lọ. Èyí kò wọ́nwó, ó sì dára, nítorí clay kì í fẹ́ kí á ṣahun omi fún un rárá. Ohun tó bá ní spírítì nínú, kí á má fi kàn án, torí ó lè mú kó rọ̀, kó máa já wẹ́wẹ́ sára ọkọ̀. Abẹ́ ìbòòji, lórí irin tó tutù, ni kí á ti ṣe é. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò gba ẹ̀yìn páálí yín?

Mo fẹ́ kí ẹ san owó tí mo máa fi pọ́líìṣì bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ tún ohun tó wà lára páálí kọ, kí ẹ sì kọ́ àwọn tó ń gba ìpè yín níṣẹ́. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé tó yé e. Bí n kò bá gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ wọn ni lẹ́tà yìí ń lọ, pẹ̀lú fọ́tò bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti Ìbàdàn