Ìgò tí ẹ rí lọ́wọ́ mi

Pessac, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Ìyá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Èmi wà láàyè.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Pé mò ń mu wáìnì tí owó ìgò kan rẹ̀ lè kan páànù sórí ilé Ìyá. Owó páànù ń bọ̀. Mo ti fi 80,000 sẹ́fà ránṣẹ́ lánàá, 70,000 tó kù á dé kí oṣù yìí tó parí.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé mo mu ún? Òótọ́ ni, Haut-Brion, orúkọ wáìnì olówó ńlá kan, ni wọ́n kọ sára ìgò tí ẹ rí nínú fọ́tò mi. Ọgbà àjàrà rẹ̀ ò jìnnà síbi tí mò ń gbé, àárín ilé àti títì ló wà. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni àjàrà ọ̀hún ti ń hù, ilẹ̀ tí ẹ̀yin máa wò tí ẹ máa ní gbágùúdá ò lè ta níbẹ̀. Ní 1855, nígbà tí wọ́n to wáìnì pupa Bordeaux ní ipò fún àfihàn ńlá Paris, mẹ́rin péré ló bọ́ sí ipò kìíní: mẹ́ta láti Médoc, agbègbè kan ní àríwá Bordeaux, èyí ṣe ẹ̀kẹrin. Ní 1663 pàápàá, ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Samuel Pepys, ti mu ún, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ho Bryan" ló pè é. Ó ṣì sàn ju bí ẹ ṣe pè é nínú ohùn yẹn lọ.

Ṣé irú èmi ló ń ra ìyẹn? Abọ́ ni mò ń fọ̀ lálaalẹ́ nílé oúnjẹ kan. Oníbàárà mu ún tán, ó fi ìgò sílẹ̀, mo gbé e, mo ya fọ́tò. Òfìfo ni. Ẹ tún un wò.

Ẹ sì gbọ́ o. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ká àjàrà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà tó tẹ̀lé e, wọ́n ti ń ta wáìnì rẹ̀, inú àgbá ló sì ṣì wà. Olówó á san, á lọ jókòó, ó di bí ọdún méjì kí ìgò tó dọ́wọ́ rẹ̀. Kì í pariwo. Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pẹ́.

Sìmẹ́ǹtì àpò 20 tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀rùn ńkọ́? Ibo ló wọlé sí? Mi ò bi yín lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ ní kí káfíńtà ṣe sùúrù. Owó ń bọ̀.

Díẹ̀ kù nísàlẹ̀ ìgò náà, kò ju ìdérí kan lọ. Mo tọ́ ọ wò. Ó ń ta sánsán bí igi tí wọ́n yan. Ẹ má sọ fún Bàbá Àlájì.

Àbúrò yín,
Ráṣídì