Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra aṣọ ọmọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ojú ìwé tẹ́ ẹ fi sọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ aboyún lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ó dáa gan-an, ẹ ka gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì, páàdì, Dettol, aṣọ òtútù, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, títí kan sílípáàsì ìyá, àmọ́ mo wò ó títí mi ò rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi rẹtáyà, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi aboyún nìyẹn: ta ló máa fún ẹ lẹ́jẹ̀?

Èèyàn lè bímọ wẹ́rẹ́, kí ọmọ ké, kí ará ilé ti máa pe ẹbí lórí fóònù, kẹ́jẹ̀ sì máa dà lára ìyá bí omi ẹ̀rọ. Tó bá ti tó ìdajì lítà, ewu ti dé nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ tí ò dá lè pa obìnrin tára ẹ̀ le láàárín wákàtí méjì péré, ká má tíì sọ ti ẹni tẹ́jẹ̀ ara ẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ torí pé kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní kílíníìkì. A ní abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti dà lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọsibítù ni ò sì ní gbé ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ àfi tẹ́nì kan bá fi tiẹ̀ rọ́pò, ọkọ á wá máa sáré kiri lóru, ẹni tó pè yìí ò gbé fóònù, tọ̀hún wà l'Ékòó, ẹlòmíì ti mutí yó. Ṣé àsìkò yẹn ló yẹ ká máa wá èèyàn?

Tóyún bá ti pé oṣù méje, ẹ bá èèyàn méjì mẹ́ta sọ ọ́, ẹni tó ti tó ọdún 18, tó wọn kílò 50 ó kéré tán, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n á wo HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis). Kí wọ́n má tíì fà á nígbà yẹn o, torí ẹ̀jẹ̀ ò ju bí ọjọ́ 35 lọ nínú fíríìjì, ìgbà tóyún bá wọ oṣù kẹsàn-án ló dáa jù.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má bínú sí mi, àwọn kan nínú yín máa ń ní wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ṣe nǹkan ni, ìyàwó yín ń lọ kúnlẹ̀, ẹ̀yin ń sá fún abẹ́rẹ́! Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọsibítù tó ń lé aboyún padà ní kílíníìkì torí pé ọkọ ò tíì wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n lé bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ilé àdúrà ni wọ́n bí sí, nígbà tí wàhálà sì dé, ọsibítù náà ni wọ́n padà gbé wọn wá.

Ohun míì tún ni pé gbogbo wa la mọ AA àti AS nígbà tá a fẹ́ ṣègbéyàwó, ìwọ̀nba ló mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ positive tàbí negative, ìyẹn Rhesus, kì í ṣe ti HIV o. Tí ìyá bá jẹ́ negative tọ́mọ jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ anti-D gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 72 tó bímọ, kó má bàa ṣàkóbá fún oyún tó ń bọ̀. Owó ẹ̀ ò kéré, gbogbo kẹ́míìsì kọ́ ló sì ní in, torí náà owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú owó aṣọ ìkómọ.

Nílé, ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ kan ládùúgbò tó lè jáde lóru, kẹ́ ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, tí ọkọ ò bá sí nílé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń dúró kí ọkọ ti ọ̀nà jíjìn dé kí wọ́n tó gbé aboyún kúrò nílé.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá tún máa tẹ lísìtì yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe nọ́ńbà kìíní, kẹ́ ẹ sì bá wa bi àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ọsibítù tó wà lábẹ́ wọn ní fíríìjì ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.